Àpò Itọ́ Bàbá Mi àti Dàbínù Inú Ìgò

Ta ló tiẹ̀ ń ro ti itọ́? Èèyàn á jí láàárọ̀, á gbé e mì. Á gbọ́ òórùn ẹja díndín, á tún gbé e mì. Bí inú bá bí i, á tu ú sílẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Èmi náà kò ro tirẹ̀ rí, àfi lọ́dún tí gbogbo ayé ń pariwo pé bí ẹgbàá ọdún bá ti wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà á ya wèrè. Nílé tiwa ní Ìsàlẹ̀ Gángan, a ò ní kọ̀ǹpútà. Itọ́ ẹnu bàbá mi ni àwa ń ṣọ́.

Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti bí bàbá mi, ṣùgbọ́n Ìsàlẹ̀ Gángan ló gbó sí. Iṣẹ́ ọnà ọrùn agbádá ló ń ṣe, abẹ́rẹ́ ọwọ́, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Àwọn bàbá tó fẹ́ lọ kí ọba ní Ẹnu Ọ̀wá, bí wọn ò bá tíì rí ọwọ́ rẹ̀ lára agbádá wọn, wọ́n á ní aṣọ náà ò tíì parí. Á jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, á fa òwú, á fi ètè rà á, á fi ahọ́n pọ́n orí rẹ̀ kó mú, á wá tì í bọ ojú abẹ́rẹ́. Kì í tàsé. Ìyá mi a máa sọ pé òun ò rí irú ọkùnrin yìí rí, tó ń fi ẹnu ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, tí kò sì ń fi ẹnu náà bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Òótọ́ ló sọ. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í jà, kì í sì í purọ́, kódà irọ́ kékeré tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ máa ń pa fún oníbàárà pé aṣọ yín ti ń parí lọ.

Nítorí ìwà rẹ̀ yìí ni ẹnu rẹ̀ ṣe ní iṣẹ́ kejì. Bí wọ́n bá bímọ lágboolé wa, lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá mi ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé ọmọ náà fún. Á ju dàbínù kan sẹ́nu, á jẹ ẹ́ títí á fi kúnná, á fi ìka mú díẹ̀ níbẹ̀, á fi pa ọmọ lókè ẹnu. Sunna Ànábì ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà agboolé wa fi tiwọn kún un: wọ́n ní ìwà ẹni tó bá jẹ dàbínù náà ni ọmọ máa ń mú. Òun náà ló jẹ tèmi. Ibi tí mo ti wá rí ìbínú tèmi, ẹ má bi mí, ìyá mi ni kí ẹ bi.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀ lóbìnrin, èmi náà sì ni ọmọ kò tètè dé fún. Àwọn àbúrò mi ń bí, àwọn ayálégbé ń bí, èmi ni mò ń gbé àwo dàbínù dúró tì wọ́n. Ọdún tí mo wọlé ọkọ ni bàbá mi ti ra dàbínù tèmi sílẹ̀. Ó kó o sínú ìgò kan tó ní ìdérí pupa, ó gbé e sórí pẹpẹ níbi tó ń kó òwú sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ta ló ni ín, gbogbo wa ṣáà mọ̀. Bí ààwẹ̀ bá dé tí ọmọ kò dé, á sọ ìgò náà kalẹ̀, a ó fi dàbínù inú rẹ̀ ṣínu kó má baà bàjẹ́. Bí a bá ṣọdún Ìtúnu tán, á tún ra òmíràn síbẹ̀. Ọdọọdún ni mò ń jẹ dàbínù ọmọ tí mi ò tíì bí. Ó máa ń dùn mí. Dàbínù náà fúnra rẹ̀ sì máa ń dùn, mi ò ní purọ́.

Àìsàn bàbá mi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀fun. Ohùn rẹ̀ há, lẹ́yìn náà òkèlè kò gba ibẹ̀ lọ dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, jẹjẹrẹ ni, ní ìdí ahọ́n. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Kánádà nígbà náà, òun ló ní kí Bàbá máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Nígbà tó débẹ̀, èmi àti ìyá mi lọ dúró sí ilé tẹlifóònù kan ní Adéníji Adélé láti gbọ́ ohun tí àwọn dókítà sọ.

"Wọ́n fẹ́ ṣí àpò itọ́ Bàbá nípò," ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Wọ́n fẹ́ ṣí i lọ síbo?" ìyá mi bi í.

"Sábẹ́ àgbọ̀n."

"Kí ló ń lọ ṣe níbẹ̀?"

Mo gba tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé pé iná kan tí a kì í fojú rí ni wọ́n máa fi jó jẹjẹrẹ náà, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn. Iná náà kò mọ ti jẹjẹrẹ yàtọ̀ sí ti itọ́. Bó bá kọjá lára àwọn àpò tí itọ́ ti ń sun, wọ́n á gbẹ, wọ́n lè má sun mọ́ láéláé, ẹni náà á wá máa fi omi ti gbogbo òkèlè títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn dókítà ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo ọgbọ́n tuntun kan: kí wọ́n tó tan iná, wọ́n á la abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á rọra fa àpò itọ́ kan kúrò níbẹ̀, tòun ti iṣan rẹ̀, wọ́n á gbé e sábẹ́ àgbọ̀n, wọ́n á sì fi òjé bo ibẹ̀ kí iná má baà dé e. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi pé ó dà bí ìgbà tí iná ń jó bọ̀ láti ojúlé kejì, tí èèyàn sáré gbé ọmọ lọ fi pamọ́ sílé ẹbí.

"Ó yé mi," ìyá mi ní. "Ìgbà wo ni wọ́n máa wá gbé e padà sílé?"

Wọn kì í gbé e padà. Ibi tó bá sá lọ, ibẹ̀ náà ló máa di ilé rẹ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Lágboolé tiwa, a kì í pe jẹjẹrẹ lórúkọ. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹni tó bá ń pè é, ó ń pè é wọlé ni. "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," ni ìyá mi ń tẹ̀ mọ́ wa létí láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé Bàbá rìnrìn-àjò. Àjò wo? Á ti wọ yàrá lọ. Ó wá bọ́ sí àsìkò tí àwọn èèyàn ń lọ Hájì. Kí á tó mọ̀, ọ̀rọ̀ ti tàn ká àdúgbò pé bàbá mi ti yọ́ lọ Mẹ́kà, pé kò fẹ́ ṣe fáàrí ni kò ṣe pariwo. Ìyá mi kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ kú ìrètí Àlàájì o, á ní ẹ ṣeun.

Nígbà tí bàbá mi gba ìtọ́jú tán tó dé, tòun ti kóòtù òtútù tó nípọn bíi tìmùtìmù, àwọn ọmọdé sáré tẹ̀ lé e wọlé, wọ́n ń kọrin Àlàájì ti dé. Bàbá mi dúró láàárín agboolé, ó fi ohùn tín-ín-rín tó kù fún un sọ pé, "Mi ò lọ Mẹ́kà."

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Bàbá àgbà kan tó jókòó sí ìdí ògiri mi orí. "Ẹ gbọ́ ìrẹ̀lẹ̀," ló sọ.

Láti ọjọ́ náà, bó ṣe ń sẹ́ tó ni wọ́n ṣe ń bọlá fún un tó. Ẹni tó lọ Mẹ́kà tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní Àlàájì, wọ́n ní òun gan-an ni Àlàájì. Àwọn kan tiẹ̀ yọ́ wá sílé wá tọrọ omi sẹmísẹmí tí àwọn tó lọ Mẹ́kà máa ń gbé bọ̀.

Irùngbọ̀n rẹ̀ ló ń pa wá lẹ́rìn-ín jù. Iná náà ti gbá gbogbo irun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọrùn rẹ̀ mọ́ féfé, àfi ibi tí wọ́n fi òjé bò. Abẹ́ àgbọ̀n nìkan ni irun funfun kan ṣù jọ sí. Ìyá mi ń pè é ní òbúkọ. Bàbá mi á fọwọ́ pa á, á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí èèyàn bá fọwọ́ kan abẹ́ irun náà, àpò itọ́ wà níbẹ̀, ó ṣù, ó tó ẹyin ẹyẹlé. Ẹnu rẹ̀ kò tutù bíi ti tẹ́lẹ̀, ife omi kì í sì í jìnnà sí i, ṣùgbọ́n itọ́ wà. Ó tún ń fi ètè ra òwú.

Kò pẹ́ tó dé ni oyún mi hàn. Bàbá mi jáde lọ́jọ́ náà gan-an, ó ra dàbínù tuntun, ó dà á sínú ìgò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èyí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ṣínu."

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ikọ́ mú un. Oyún mi ti tó bí nígbà náà. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta la sì bá lórí bẹ́ǹṣì? Ìyá Olówùú. Obìnrin tó ń ta òwú ní òdìkejì ilé wa ni, bàbá mi ni oníbàárà rẹ̀ àgbà. Ahọ́n rẹ̀ mú ju gbogbo abẹ́rẹ́ tó ń tà lọ, ohun tó bá sì gbọ́ láàárọ̀, Ìdúmọ̀tà á ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó kan orí. Orúnkún ló bá wá. Bí ìyá mi ṣe rí i ni ojú rẹ̀ yí padà.

Aboyún kì í jókòó pẹ́, mo ti lọ tọ̀ nígbà tí dókítà ọ̀dọ́ kan pè wọ́n. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, Ìyá Olówùú sì jókòó síbẹ̀, ó yí etí sí wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀yìn náà ni mo tó gbọ́. Dókítà fọwọ́ wá ọrùn Bàbá, ó kan kókó lábẹ́ àgbọ̀n. Ó béèrè bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún Bàbá rí.

"Rárá o," ìyá mi ní. "Ọ̀bẹ ò kàn án rí."

"Àpá tó wà lọ́rùn wọn yìí ńkọ́?"

"Gbẹ́rẹ́ ni. Ìgbà tó wà lọ́mọdé ni wọ́n sín in fún un ní Ìjẹ̀bú."

Dókítà náà ọmọ Yorùbá ni, ó mọ gbẹ́rẹ́, ó gbà. Bàbá mi la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ikọ́ ló jáde. Ó wá fi ìka tọ́ka sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ léraléra. Dókítà ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ṣé ibẹ̀ ló ń dùn yín?" Ó ní kí wọ́n lọ ya àwòrán ọrùn, èyí tí wọ́n ń pè ní síkáànù. Bàbá mi gbà pé òun ti fi ìka sọ tòun. Ìyá mi ní lọ́kàn pé òun á padà wá ṣàlàyé nígbà tí etí Ìyá Olówùú ò bá sí nítòsí. Èmi rò pé wọ́n ti sọ gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde, dókítà ọ̀dọ́ náà ní kí a jókòó. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní kókó kan wà lábẹ́ àgbọ̀n, ó jọ èyí tí jẹjẹrẹ máa ń gbìn sọ́rùn, ó yẹ kí wọ́n tètè yọ ọ́. Èmi àti ìyá mi gbọ́ ọ bákan náà: pé jẹjẹrẹ náà ti wá àpò itọ́ kàn níbi tí wọ́n fi pamọ́ sí. Ìyá mi gbàgbé àlàyé tó ní lọ́kàn láti ṣe. Bàbá mi fọwọ́ sí ikùn mi, ó bi dókítà pé, "Bí ẹ bá yọ ọ́, kí ni mo máa fi jẹ dàbínù ọmọ yìí?"

Dókítà wò ó. Ó ní kò sóhun tó máa ṣe eyín Bàbá.

Inú bí mi lọ́jọ́ náà débi pé mi ò mọ ẹni tí mò ń bínú sí. Mo bínú sí dókítà, mo bínú sí Kánádà, mo bínú sí ọkọ mi tó ní kí n jẹun. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi, mo bá bàbá mi tó sọ ìgò kalẹ̀ láti orí pẹpẹ. Ó ní òun ti rò ó. Kí wọ́n tó yọ àpò itọ́, òun lè jẹ dàbínù kan sílẹ̀, kí n gbé e sínú fíríìjì de ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní.

"Ó máa dì, kò ní bàjẹ́," ó dá mi lóhùn. Kò fi ṣeré rárá. Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gba inú ẹ̀rín náà jáde, n kò lè dá èyíkéyìí dúró nínú méjèèjì. Ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn títí mo fi dákẹ́, ó wá dé ìgò náà padà.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ gba ètò iṣẹ́ abẹ, Ìyá Olówùú ló wá gbé báàgì ìyá mi. A ò pè é. Ó ní orúnkún òun ti fúyẹ́, òun á sìn wá débẹ̀. A ò tíì jókòó tán tí nọ́ọ̀sì fi ní dókítà àgbà tó ń ka àwòrán fẹ́ rí wa. Obìnrin ni, ìyá jẹ́jẹ́ kan tó wọ awò ojú. Ó ti gbé fíìmù ọrùn bàbá mi kọ́ sójú iná.

"Àpò itọ́ máa ń wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún àti lósì," ó wí, ó ń fi bírò tọ́ka. "Ti ọ̀tún nìyí, ó ti sún kì. Ti òsì dà?"

Gbogbo wa na ọrùn. Níbi tó yẹ kó wà, òfìfo ni.

"Ẹ wá wo kókó abẹ́ àgbọ̀n tó ń bà wá lẹ́rù yìí. Etí rẹ̀ dán, bó ṣe rí roboto àti bó ṣe mọ́lẹ̀ nínú àwòrán, àpò itọ́ ló máa ń rí báyìí. Ohun tó sọnù lápá òsì, ó jọ pé òun ni mò ń rí níbí. Àpò itọ́ ò sì lẹ́sẹ̀ tó lè fi rìn." Ó yọ awò ojú rẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé e débẹ̀?"

Mo yíjú sí ìyá mi. "Ṣé ẹ ò sọ fún wọn ni?"

Ìyá mi kò wo èmi, kò wo dókítà. Ìyá Olówùú ló ń wò, tó gbá báàgì mọ́ àyà níbẹ̀. Mo rí ìyá mi tó gbé itọ́ mì. Ó wá sọ ọ́, ketekete: "Irọ́ ni mo pa. Jẹjẹrẹ ọ̀fun ló ṣe ọkọ mi. Kò lọ Mẹ́kà, Kánádà ló lọ. Àwọn dókítà ibẹ̀ ló ṣí i nípò kí iná má baà jó o."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ jẹjẹrẹ lẹ́nu ìyá mi nìyẹn. Ìyá Olówùú gbé báàgì sílẹ̀, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Èyí tí mo ti mọ̀," ó ní. "Ta ló ń ti Mẹ́kà bọ̀ tó wọ kóòtù òtútù? Iwájú ìsọ̀ mi ló ń jókòó sí nígbà tí kò lè gbé òkèlè mì. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ibo ló lọ, mo rí i pé ẹ ò fẹ́ sọ, mo ní Mẹ́kà ni. Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ fún wọn?"

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹnu tó mẹ́nu jù náà lè kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo sì ti sọ ọ́ fún ìyá mi ju bó ṣe fẹ́ gbọ́ lọ.

Dókítà àgbà rán nọ́ọ̀sì ní ọsàn wẹ́wẹ́. Ó là á, ó ní kí Bàbá fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kó wá gbé ahọ́n sókè. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu bàbá mi, ikùn mi ń gbá tábìlì. Lábẹ́ ahọ́n, lápá òsì, omi kan sun jáde, ó mọ́ gaara. Dókítà fọwọ́ tẹ kókó abẹ́ àgbọ̀n, omi náà pọ̀ sí i. Ìyá Olówùú sọ Alihamudulilahi sínú ẹnu bàbá mi gbangba. Dókítà ní àwọn á máa ṣọ́ ọ, àwọn á tún ya àwòrán lọ́jọ́ iwájú, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò ní kàn án. Mo ti ń pọ́n ẹnu mi sílẹ̀ de dókítà ọ̀dọ́ náà láti àná. Nígbà tó wọlé wá bẹ̀ wá, dókítà àgbà ní, "Ẹni tí wọn ò sọ fún, ibo ló ti fẹ́ mọ̀?" Mo bá gbé ọ̀rọ̀ mi mì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo bímọ, obìnrin. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àgbàlá kún dé ẹnu ọ̀nà. Àlùfáà ní, "Àlàájì, ẹ gba ọmọ."

"Mi ò lọ Mẹ́kà," bàbá mi ní.

Bàbá àgbà ìdí ògiri ti ń múra àtisọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀, ìyá mi ló ṣáájú rẹ̀. "Òótọ́ ló ń sọ," ó ní. "Jẹjẹrẹ ló gbé e lọ sókè òkun, Ọlọ́run ló sì bá wa gbé e padà wálé." Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Olówùú ni kò jẹ́ kó pẹ́ nílẹ̀. Ó gbé ìgò láti orí pẹpẹ, ó ní, "Ẹ fún un ní dàbínù o, ọmọ ń dúró."

Àbúrò mi na ife omi sí bàbá mi, òun sì fọwọ́ sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ju dàbínù sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, irùngbọ̀n òbúkọ rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rù ń bà mí. Ó wá ti ìka bọ ẹnu, ó yọ ọ́ jáde, dàbínù náà rọ̀, ó ń dán, omi wà lára rẹ̀. Ó fi pa ọmọ mi lókè ẹnu. Ọmọ náà lá a, ó tún lá a. Nígbà tí bàbá mi yọ ìka, ọmọ figbe ta.

"Ìbínú ìyá rẹ̀ ló mú," ìyá mi ní, àgbàlá sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ìgò náà yí ká, oníkálùkù mú nínú rẹ̀ títí ó fi tán.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n rí oṣù ààwẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí oòrùn wọ̀ tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, àwọn ará ilé jókòó yí ẹní ká. Dókítà ti ní kí bàbá mi má gbààwẹ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n òun ló máa ń pín dàbínù fún wa, ó sì jókòó síbi tó máa ń jókòó sí. Èmi náà ò gbààwẹ̀, ọmọ ń mu ọmú lórí itan mi. Bàbá mi nawọ́ gbé ìgò bó ṣe máa ń ṣe, ó ṣí ìdérí pupa, ó wo inú rẹ̀, ó wo ọmọ, ó sì dé e padà. Omi lásán ni wọ́n fi ṣínu lọ́dún yẹn.